Tener: ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì tó ń gbé ebi, ọjọ́ orí àti ọ̀ranyàn

Ìbéèrè: Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé. Bí ọdún Ṣàngó bá dé, mo máa ń mú àwọn àlejò láti òkè òkun rìn káàkiri ìlú, láti Ààfin títí dé ọjà Akẹ̀sán. Mo wá ń kọ́ Sípáníìṣì lórí fóònù. Mo sọ fún ìyá kan tó wá láti Kúbà pé “Soy hambre”, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní “Tengo hambre” ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí òun kan náà ń sọ pé “Tengo tres días aquí” àti “Tengo que irme”. Ọkọ rẹ̀ náà tún ní “Yo tengo santo hecho”. Ìtumọ̀ tí fóònù fún mi kò ju “ní” lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa lò ó tí mi ò fi ní ṣì í?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Tener ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀, “tengo” sì ni ó ń dà nígbà tí “èmi” bá jẹ́ olùwà. Fóònù yín kò parọ́ pé “ní” ni: “Tengo dos hijos” ni Mo ní ọmọ méjì, “Tengo una casa” ni Mo ní ilé kan. Ohun tí fóònù kò sọ fún yín ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwa Yorùbá ń sọ pé ó ń ṣe èèyàn, àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì a máa sọ pé èèyàn ni ó ní in.

Ẹ wo gbólóhùn “Ebi ń pa mí”. Ta ni olùwà níbẹ̀? Ebi ni. “Mi” tó gbẹ̀yìn kàn jẹ́ àbọ̀, òun ni ẹni tí wọ́n ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, ẹ̀rù ń bà mí, òtútù ń mú mí, ojú ń tì mí. Nǹkan náà ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: ebi kì í kùn èèyàn, oorun kì í gbẹ èèyàn. Sípáníìṣì yí gbólóhùn náà po. Èèyàn bọ́ sí ipò olùwà, nǹkan náà di àbọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló sì ń sìn gbogbo wọn:

ebi ń pa mí: tengo hambre
òùngbẹ ń gbẹ mí: tengo sed
oorun ń kùn mí: tengo sueño
ẹ̀rù ń bà mí: tengo miedo
òtútù ń mú mí: tengo frío
ooru ń mú mí: tengo calor
ojú ń tì mí: tengo vergüenza
ó ń wù mí kí n jẹ àmàlà: tengo ganas de comer àmàlà

Àwọn kan wà tí èèyàn jẹ́ olùwà lọ́dọ̀ tiwa náà, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú ẹni: mo ń kánjú ni “tengo prisa”, òótọ́ lẹ sọ ni “usted tiene razón”, ó ní sùúrù ni “tiene paciencia”.

Ẹ̀rín tí ìyá yẹn rín kò ní ìkà nínú. “Soy hambre” túmọ̀ sí pé “Èmi gan-an ni ebi”. Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni àṣìṣe náà gbà wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀-àpèjúwe fún ẹni tí ebi ń pa, ó sì ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe “jẹ́” gbé e. Ẹni tó bá ti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó lọ sí Sípáníìṣì máa gbé “jẹ́” yẹn dání dé ibi tí wọn kò ti fẹ́ ẹ. Àwa ò nílò kí a yà síbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni “ebi”, ọ̀rọ̀-orúkọ ni “hambre”. Ẹ mú ebi kúrò níwájú, ẹ fi ara yín síbẹ̀, ẹ fi tener sáàárín, ó parí. Ní ti èyí, ó sún mọ́ wa ju bí ó ṣe sún mọ́ ará Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò tíì rí ètò ẹ̀kọ́ orí fóònù tó ń fi han àwọn ọmọ Yorùbá bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n, “gan-an” tiwa máa ń fa àṣìṣe kan. A lè sọ pé ebi ń pa mí gan-an, ilé náà dára gan-an, “gan-an” kan náà. Sípáníìṣì pín in sí méjì. “Muy” ń bá ọ̀rọ̀-àpèjúwe rìn: muy bonito. Akọ tàbí abo ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan sí, ì báà jẹ́ ohun tí kò lẹ́mìí: ó ń gba “mucho” bó bá jẹ́ akọ, “mucha” bó bá jẹ́ abo. Nítorí náà, “tengo muy hambre” kò dúró. Abo ni hambre, sed, prisa, suerte (oríire), razón, vergüenza: mucha hambre, mucha sed. Akọ ni sueño, miedo, frío, calor, cuidado: mucho sueño, mucho frío. Hambre máa ń tan èèyàn jẹ nítorí pé wọ́n ń kọ ọ́ ní “el hambre”, bí ẹni pé akọ ni. Torí pé “a” tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi “el” síwájú rẹ̀, kí ohùn má baà kọlura. Abo ló ṣì jẹ́.

“Ń” tiwa nínú “ebi ń pa mí” tún máa ń mú kí àwọn kan sọ pé “estoy teniendo hambre”. Lóòótọ́, “estoy” pẹ̀lú “-ndo” ni Sípáníìṣì fi ń sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́: estoy comiendo, mo ń jẹun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í lò ó fún ebi, òùngbẹ, ọjọ́ orí tàbí ohun ìní. “Tengo hambre” péré ti gbé “ń” náà sínú.

Àṣìṣe kan wà tí ó léwu ju ti ebi lọ. Bí ooru bá mú yín lójú àgbàlá, tí ẹ wá sọ pé “Estoy caliente”, ohun tí àlejò máa gbọ́ ni pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ń gùn yín. “Tengo calor” ni kí ẹ sọ. “Caliente” jẹ́ ti oúnjẹ, omi àti irin tó gbóná: la sopa está caliente. Òtútù náà ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ara èèyàn, “tengo frío”. Bí oúnjẹ bá ti tutù, “la comida está fría”. Bí ó bá jẹ́ ojú ọjọ́, bíi òwúrọ̀ ọyẹ́, “hace frío”. Tener kò sí níbẹ̀ rárá. Ní ti oorun, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan: “tengo sueño” ni oorun ń kùn mí, “tengo un sueño” ni mo ní àlá kan, ìyẹn ohun ńlá tí mo ń lépa. “Un” kan ṣoṣo ló ya méjèèjì.

Ìrora ni ibi tí Sípáníìṣì ti padà ṣe bíi tiwa. Orí ń fọ́ mi ni “me duele la cabeza”: orí ni olùwà, èmi ni ó ń ṣe. Ẹ lè sọ “tengo dolor de cabeza” náà, kò sí èyí tó burú. Ibà ni “tengo fiebre”. Bí ẹ bá rí àlejò tó di orí mú lábẹ́ igi, ìbéèrè tó yẹ ni “¿Qué tiene?”, ìyẹn ni kí ló ń ṣe yín?

Ọjọ́ orí. Àwa ń sọ pé “Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí”, “ni” yẹn sì tún ń fa “soy” wá. Àwọn ń sọ pé èèyàn ní ọdún: “Tengo treinta años”. Ìbéèrè rẹ̀ ni “¿Cuántos años tiene?” Ìlà wíwọ́ tó wà lórí ñ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ohùn rẹ̀ dà bíi “ny”, ẹ pe “años” bí “ányos”. Bí ẹ bá kọ “Tengo treinta anos” sórí WhatsApp láìfi ìlà náà síbẹ̀, ẹ ti sọ pé ihò ìdí ọgbọ̀n ni ẹ ní. Ẹni tó mọ ohun tí àìsí àmì lè fi “ọkọ” dà kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà n mọ́lẹ̀ lórí fóònù kí ẹ di í mú díẹ̀, ñ máa yọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí “ní” tiwa, torí iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe, ẹyọ kan péré ni tener. “Mo ní owó” ni tener: tengo dinero. “Ó ní òun ń bọ̀” ni decir: dice que viene. “Ó wà ní Ọ̀yọ́” ni “en”: está en Oyo. Lọ́wọ́ kejì, “wà” náà lè jẹ́ tener nígbà míì. Omi wà ni “hay agua”. Ṣùgbọ́n owó wà lọ́wọ́ mi ni “tengo dinero”, torí pé ẹnì kan wà nínú gbólóhùn náà tí nǹkan ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánwò tó yá jù nìyẹn: bí ẹ bá rí ẹni tó ni ín, ẹ lo tener, bí kò bá sí ẹnì kankan, tí nǹkan náà kàn wà, ẹ lo “hay”. “Hay” kì í yí padà, ì báà jẹ́ ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀: hay un baño, hay dos baños. Lọ́jà, “¿Hay mangos?” ń béèrè bóyá máńgòrò wà nílẹ̀, “¿Tiene cambio?” ń bi ìyá ọlọ́jà bóyá ó ní ṣéńjì. Ohun tí kò lẹ́mìí náà lè jẹ́ oní-nǹkan: “El tambor batá tiene dos caras”, ìlù bàtá ní ojú méjì, “El hacha de Changó tiene dos filos”, oṣé Ṣàngó jẹ́ olójú méjì. Gbólóhùn méjèèjì yẹn á wúlò fún yín níwájú àwọn àlejò.

“Ti” tiwa kò sí lára iṣẹ́ tener. Mo ti jẹun ni “he comido”, ọ̀pọ̀ ará Kúbà á kúkú sọ pé “ya comí”. “Tengo comido” kì í ṣe Sípáníìṣì. Màá padà dé ibi tí tener ti ń jọ “ti” nígbà tí mo bá dórí ọ̀rọ̀ ọkọ ìyá yẹn.

“Tengo que irme” tí ẹ gbọ́, ẹ̀bùn ni fún ọmọ Yorùbá. “Mo ní láti lọ”: “ní” ni tengo, “láti” ni que. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé e kò ní yí padà, bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ ni ẹ máa gbé e síbẹ̀: tengo que comer, tenemos que salir a las ocho, usted tiene que quitarse los zapatos. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn jẹ “que”. “Tengo ir” dà bí ẹni ń sọ pé “mo ní lọ”.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi ni “kò”. “Usted no tiene que pagar” túmọ̀ sí pé kò pọn dandan kí ẹ sanwó, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá wù yín, ẹ lè san. Kò túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọdọ̀ san. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kìlọ̀ fún àlejò pé wọn kò gbọdọ̀ ya fọ́tò níbì kan, “no tienen que sacar fotos” á dún bí ẹni pé ọwọ́ wọn ló kù sí, wọ́n á sì ya á. “No pueden sacar fotos aquí” tàbí “no se puede” ni kí ẹ sọ. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni, “hay que” ni “èèyàn ní láti”: hay que pedir permiso, a ní láti gba àyè.

“No tiene nada que ver” máa ń da àwọn tó ń kọ́ èdè náà rú nítorí “tener que” tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni: kò kan ọ̀rọ̀ yìí, kò bá a tan rárá. Ẹ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má tú u.

Ó ku bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí olùwà, torí náà ibí ni iṣẹ́ wà.

yo tengo (èmi)
tú tienes (ìwọ)
él, ella, usted tiene (òun, ẹ̀yin, fún àgbà kan)
nosotros tenemos (àwa)
ustedes tienen (ẹ̀yin, fún ọ̀pọ̀ èèyàn)
ellos, ellas tienen (àwọn)

Ìwé tún máa fi “vosotros tenéis” hàn yín. Sípéènì ni wọ́n ti ń lò ó jù. Ará Kúbà, Mẹ́síkò tàbí Venezuela kì í fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ojú rẹ̀ lásán, kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ará Argentina bá sọ “vos tenés”, “tú tienes” ló ń sọ.

“Ẹ” ọ̀wọ̀ tiwa ló ní ìṣòro díẹ̀. “Ẹ” kan náà la ń lò fún bàbá kan àti fún èrò mẹ́wàá. Sípáníìṣì yà wọ́n: bàbá kan ni “usted tiene”, èrò mẹ́wàá ni “ustedes tienen”. Ẹ kíyè sí i pé ìrísí “òun” ni usted ń gbà, kì í ṣe ti “ìwọ”. Ẹni tó bá sọ “usted tienes” ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀wọ̀, ó fi ìkejì síta. Fún ẹni tó ń mú àlejò káàkiri, usted ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo àgbà. Àwọn ará Kúbà á tètè ní kí ẹ máa pe àwọn ní tú; ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́.

Ní ti ohùn, Sípáníìṣì kò ní ohùn òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín. Sílébù kan ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé sílébù náà sókè, tí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, ó máa ń sún mọ́ ọn dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá parí pẹ̀lú fáwẹ̀lì, n tàbí s, sílébù tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀: TEN-go, TIE-nes, te-NE-mos. Bí àmì bá wà lórí lẹ́tà, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀: te-NÍ-a, ten-DRÉ. Lẹ́tà v dún bíi b, torí náà ẹ pe “tuve” bí “túbe”, ẹ má fi eyín jẹ ètè bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ará Kúbà máa ń gbé s tó parí sílébù mì, tàbí kí ó dà bí èémí lásán. “Tú tienes” á wá dún bí “tú tiene”, kò sì ní sí ìyàtọ̀ láàárín “o ní” àti “ó ní” mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ “tú” lẹ́nu wọn ju ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ, títí kan inú ìbéèrè: “¿Qué tú tienes?” níbi tí ìwé yín á ti kọ “¿Qué tienes?”. Kì í ṣe pé wọ́n ṣì í sọ, àṣà èdè wọn ni. N tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, imú ni wọ́n ń fi pè é, bíi tiwa nínú “ọ̀rún”. Àwọn olùkọ́ láti Sípéènì lè bá yín wí lórí “tienen” tí ẹ fi imú pè. Ìyá láti Havana kò ní ṣàkíyèsí.

Fún ohun tó ti kọjá, ìrísí méjì ló wà, wọn kì í sì í rọ́pò ara wọn. Àkọ́kọ́ ni tuve, tuviste, tuvo, tuvimos, tuvieron. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ti yí pátá, àmì kò sì sí lórí tuve àti tuvo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé comí àti comió ní àmì. “Tení” kò sí níbikíbi. Bákan náà ni “tuvo” àti “tubo” ń dún létí. Páìpù ni “tubo”, ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ìkejì ni tenía, tenías, tenía, teníamos, tenían, èyí tó rọrùn jù.

Tenía ń sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn, láìsọ ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin. Tuve ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí. Ọjọ́ orí àtẹ̀yìnwá, tenía ni: “Cuando tenía diez años”, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. “Tuvo un hijo” ni ó bí ọmọkùnrin kan. “Tenía un hijo” ni ó ní ọmọkùnrin kan nígbà náà. Lára “que” ni ìyàtọ̀ náà ti lágbára jù. “Tuve que ir a Ibadan”: ó di dandan, mo sì lọ. “Tenía que ir a Ibadan”: ó yẹ kí n lọ, bóyá mo lọ tàbí n kò lọ, gbólóhùn náà kò sọ, ẹni tó ń gbọ́ yín á sì máa retí “ṣùgbọ́n”. Bí awakọ̀ bá sọ fún àlejò pé “tenía que traer el agua”, omi náà lè má sí nínú ọkọ̀ o.

Ọjọ́ iwájú gba d sínú: tendré, tendrás, tendrá, tendremos, tendrán. Yàtọ̀ sí ohun tó ń bọ̀, wọ́n tún ń fi méfò, bí àwa náà ṣe ń fi “á” méfò. “Tendrá ochenta años” ni “á tó ẹni ọgọ́rin ọdún”, ẹni tí a ń wò lọ́wọ́ báyìí ni.

Àwọn ìrísí tenga wà fún ìfẹ́ ọkàn àti ẹ̀bẹ̀: tenga, tengas, tengamos, tengan. Ẹ tẹ̀ lé “kí” tiwa: ibi tí “kí” àdúrà bá ti jáde lẹ́nu yín, “que” pẹ̀lú tenga ló máa ń bá a mu. “Que tenga buen viaje”, kí ìrìn àjò yín dára; “que tengan salud”, kí ẹ ní ìlera. Tenga kan náà ni àṣẹ ọlọ́wọ̀: “tenga cuidado”, ẹ ṣọ́ra, fún ọmọdé tàbí ọ̀rẹ́, “ten cuidado”. Bí ẹ bá ń na nǹkan sí àgbà, “tenga” nìkan tó, ìyẹn ni “ẹ gbà”. “Aquí tiene” náà dára. Fún “má bẹ̀rù”, “no ten miedo” kò tọ́: “no tengas miedo” ni, torí pé àṣẹ tó bá ní “má” nínú máa ń lọ bá ìrísí tenga.

Ó wá ku gbólóhùn méjì lára èyí tí ẹ gbọ́. “Tengo tres días aquí” kì í ṣe pé ìyá náà ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó fẹ́ lò. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta níbí, ó sì ṣì wà níbẹ̀. Ní Kúbà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà, báyìí ni wọ́n ń ka àkókò: “Tengo cinco años viviendo en La Habana”, ó ti di ọdún márùn-ún tí mo ti ń gbé Havana. Sípéènì á sọ “llevo cinco años”. Méjèèjì ni wọ́n gbọ́ yé ní Kúbà.

“Tengo santo hecho” ni èyí tó yẹ kí ará Ọ̀yọ́ mọ̀ dunjú. Níbí, tener wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń fi hàn pé iṣẹ́ ti parí, àbájáde rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni. “Tengo escritas tres cartas”: mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n wà nílẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ ìparí-iṣẹ́ yẹn ń bá ohun tí a ṣe mu ní akọ àti abo, ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀: escritas nítorí cartas, hecho nítorí santo. Èyí ló fi yàtọ̀ sí “he escrito”, tí kì í yí padà. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Lucumí, ìyẹn àwọn tó ń sin òrìṣà Yorùbá ní Kúbà, “hacer santo” ni kí wọ́n ṣe òrìṣà fún èèyàn. Ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ fún yín ni pé wọ́n ti ṣe òrìṣà fún òun. Bó bá jẹ́ Ṣàngó, ó lè ní “tengo hecho Changó”, adóṣù ni lédè tiwa. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín.

Ó so mọ́ ìyẹn pé, bí bàbá tí irun rẹ̀ ti funfun bá sọ fún yín pé “Tengo ocho años de santo”, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń sọ. Ọdún tó ti pé tí wọ́n ti ṣe òrìṣà fún un ni. “De santo” ló ya á sọ́tọ̀, àwọn kan sì máa ń ka ẹni tó ní ọdún púpọ̀ “de santo” sí àgbà ju ẹni tó jù ú lọ nílé ayé. Ẹ má ṣe tú u sí “ọmọ ọdún mẹ́jọ” níwájú àwọn baba Ṣàngó.

Bí ẹ bá ti mọ tener, ẹ ti mọ àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú: mantener (tọ́jú, mú dúró), obtener (rí gbà), detener (dá dúró, mú), contener (ní nínú), sostener (gbé ró), entretener (dá lára yá). Bí bàbá wọn ṣe ń yí ni wọ́n ń yí: mantengo, obtuvo, detendrá. Àwọn tó gbọ́ èdè náà dáadáa ṣì máa ń kọ “entretení” níbi tí “entretuve” yẹ kó wà, torí pé wọ́n gbàgbé bàbá ọ̀rọ̀ náà. Àṣẹ wọn gba àmì: mantén, detén, ṣùgbọ́n ten nìkan kò gbà á. Fún iṣẹ́ tiyín, contener ló ṣe pàtàkì jù, nítorí àlejò tí ara rẹ̀ kò gba oúnjẹ kan á béèrè pé “¿Contiene maní?”, ṣé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀? Bó bá wà níbẹ̀, “Sí, contiene maní” ni kí ẹ dáhùn, kí ẹ tó jẹ́ kó fi ọwọ́ kan kúlíkúlí tí wọ́n gbé wá.

Venir, ìyẹn “wá”, fara jọ ọ́ débi pé ẹ lè kọ́ méjèèjì pọ̀: tengo, vengo, tienes, vienes, tendré, vendré, ten, ven. Ibi tí wọ́n ti yapa ni “àwa”, tenemos àti venimos, àti àtẹ̀yìnwá, torí pé tuve ni ti tener, vine sì ni ti venir.